Sí Àkànní, Nípa Ooru Orí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Ìtòkò, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àsárì

Àkànní ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ tuntun, o kú ibùgbé tuntun, o sì kú ọyẹ́ yìí náà. Àwa wà dáadáa níbí, Àlùhámúdùlíláì. Orúnkún mi ti rọlẹ̀ díẹ̀. Bàbá rẹ wà nínú pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò, ó sì ń ṣe bí ẹni pé òun ò mọ ohun tí mò ń kọ. Láfún ló wà nínú àpò tí dírẹ́bà máa gbé fún ọ ní Ìtòrì, èmi fúnra mi ni mo sá ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ẹja gbígbẹ wà nínú ike. Má jẹ́ kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé jẹ ẹ́ tán kó o tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé, ní Ọjọ́bọ̀ tí a sọ̀rọ̀, o sọ fún mi pé, "Mo ti gbọ́, Màmá," lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́. Lẹ́tà ò ṣe é já lù. Jókòó kó o kà á tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ tìrẹ sọ, kó o lè mọ̀ pé èmi náà gbọ́. O ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì ìgò oògùn ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ nílé-iṣẹ́ yẹn. O ní láàárọ̀, ohun tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ á ṣá, bí ẹni pé aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, dúdú rẹ̀ á ti pọ̀ jù, àwọn ilà tó tò sára lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń dá ọjà mọ̀ á wú, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ tó ń ka ilà yẹn kò ní lè kà á mọ́. Mo bi ọ́ pé, "Kí ni ọ̀gá rẹ wí?" O ní, "Wọ́n ní kí n gbé ooru rẹ̀ sókè pátápátá láàárọ̀, kí n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kí lo rò?" O ní, "Mo rò pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì mi nìyí, Màmá. Ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀?"

Ìbéèrè tó o bi mi gbẹ̀yìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Kì í ṣe pé ó bí mi nínú. Èmi náà bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí, mo sì fún un ní èsì tí kò dáa.

O mọ̀ mí gẹ́gẹ́ bí ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù lébẹ́ẹ̀lì ní Kútọ̀, tí gbogbo onílé oògùn àti aṣelọ́fínńdà ń wá bá. O mọ̀ pé mo mọ ẹ̀rọ yẹn. O ò mọ ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ọ́n. Mo sì ní láti tọrọ àforíjì lórí nǹkan mìíràn: èmi àti bàbá rẹ sọ fún ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ pé níbi ìgbéyàwó kan ní Ìbarà la ti pàdé. Irọ́ ni. Kò sí ìgbéyàwó kankan. Orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó jóná ló mú wa pàdé.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà yẹn. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, wọn ò gbà mí sí pólì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá mú mi lọ sọ́dọ̀ Àlàájì Múráínà ní Kútọ̀, nítòsí gáréèjì. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Àlàájì ń ṣe. Ẹ̀rọ ńlá méjì ló ní tó fi ń tẹ káàdì àti pósítà, ó sì ní kékeré kan tó rà láti Èkó, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì rí irú rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀rọ kékeré yẹn kì í lo yíǹkì. Ooru ni yíǹkì rẹ̀. Lórí rẹ̀, ibi tí ìwé ń gbà kọjá, àwọn ojú kéékèèké tò lọ bí ìlà, wọ́n tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó ṣóńṣó abẹ́rẹ́. Bí iná bá wọ ojú kan, á gbóná lọ́gán, ìwé tó bá kàn án á dúdú níbẹ̀, iná á sì kúrò kí òmíràn tó gbóná. Ṣé o rí i, o kàwé jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o fojú inú wò ó bí mo ṣe wò ó nígbà náà: àwọn èèyàn kéékèèké tó jókòó lórí ìlà kan, tí oníkálùkù di iná mọ́wọ́.

Àlàájì fún mi lófin mẹ́ta. Ó ní, "Rìsí, má fi ìka kan orí ẹ̀rọ yìí. Má jẹ́ kó dọ̀tí. Má sì fi kún ooru rẹ̀ láìsọ fún mi." Àkọ́kọ́ nìkan ni mo pa mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, irú àárọ̀ tí ètè èèyàn ń là, Àlàájì ti lọ sí Èkó. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí ilé ìwòsàn aládàáni kan fún wa. Lébẹ́ẹ̀lì oògùn olómi tí wọ́n ń dà sínú ìgò kéékèèké fún àwọn ọmọdé tí ara ń yún, tí imú wọn ń ṣàn. Mo tan ẹ̀rọ, mo tẹ àkọ́kọ́, ó ṣá. Mo tẹ ìkejì, ó ṣá. Ohun méjì ló fà á, mo sì mọ àwọn méjèèjì. Orí ẹ̀rọ tutù, kò tíì yá. Ìdọ̀tí ìwé àná àti eruku ọyẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Sípíríìtì àti òwú wà nínú dúrọ́ọ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n mo ti bá onídìrí sọ pé mo ń bọ̀ ní aago kan, mo sì fẹ́ yára. Ni mo bá di kókó ooru mú, mo yí i dé ìparí.

Lébẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e dúdú bí aró. Ó wù mí. Mo tilẹ̀ ń kọrin.

Kí ìrun àìlà tó tó, ẹ̀rọ yẹn ti ń gbóná fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe láìsinmi. Ooru tirẹ̀ wá pàdé ooru tí mo fi kún un. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Mo gbọ́ òórùn kan, bí ìgbà tí wọ́n bá gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ. Mo dín in kù díẹ̀, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà yẹn ni mo rí ilà funfun kan tó tín-ínrín bí òwú, tó ti òkè lébẹ́ẹ̀lì wá dé ìsàlẹ̀. Ó wà lára èyí tó tẹ̀ lé e. Ó wà lára gbogbo wọn. Àwọn ojú kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta ti jóná, Àkànní. Ojú tó bá ti jóná níbẹ̀ kì í là mọ́.

Mo wò ó bóyá ó ba nǹkan jẹ́. Mo rí i pé ó gba inú orúkọ ilé ìwòsàn kọjá, ó gé lẹ́tà kan níbùú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣe é kà. Mo ní kò burú. N ò wo ìlà tó wà nísàlẹ̀. Mo ká wọn, mo gbé wọn lọ fún wọn, mo sì lọ dirun mi. Nígbà tí Àlàájì dé láti Èkó, ó bi mí pé, "Ṣé iṣẹ́ lọ dáadáa?"

Mo ní, "Ó lọ dáadáa, Àlàájì."

Ní ọjọ́ kẹrin, obìnrin kan láti Kọ́bapẹ́ gbé ìgò oògùn rẹ̀ padà wá sílé ìwòsàn. Aránṣọ ni. Ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń po oògùn sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Ó ní, "Bùròdá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Nígbà tí mo gba irú oògùn yìí fún ẹ̀gbọ́n ọmọ mi yìí, ìdajì ṣíbí tíì lẹ ní kí n máa fún un. Èyí ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo dà á sínú ife kékeré tẹ́ ẹ fún wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ṣé oògùn ni àbí oúnjẹ?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. Mílílítà méjì ààbọ̀, ìyẹn ìdajì ṣíbí tíì, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àmì kékeré tó ń wà láàárín méjì àti márùn-ún, tí ẹ̀yin ọmọ ìwé ń pè ní póìntì, ti dàwátì. Ibẹ̀ gan-an ni ilà funfun mi gbà kọjá. Ó wo ti èkejì, ó wo ti ẹ̀kẹta. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni gbogbo wọn.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa tòun ti aṣọ funfun rẹ̀ lọ́rùn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì ti làágùn. Ó gbé ìgò yẹn síwájú Àlàájì.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tó wà níbí."

Àlàájì wọ awò rẹ̀. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Méjì ààbọ̀ ló yẹ kó jẹ́, sà. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta ló wà fún, ó sì máa ń mú oorun wá."

Àlàájì gbé ìgò náà sọ́wọ́. Ó fa lébẹ́ẹ̀lì yẹn mọ́jú, ó rí ilà funfun. Ó wá yíjú sí mi. Mo ti kúnlẹ̀ kó tó pè mí.

"Rìsí, ìgbà wo lo rí ilà yìí?"

"Ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ náà ni, Àlàájì."

"O rí i?"

"Mo rí i."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Kò pariwo. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n wọnú mọ́tò. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ mú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó gba oògùn sí. Ìyá mọ́kànlá ló ti gba ìgò yẹn lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò ní fóònù lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ilé dé ilé la máa lọ.

Àkànní, mo ti rìn ní Abẹ́òkúta láti kékeré, n ò tíì rin ìrìn tó gùn bẹ́ẹ̀ rí. Ní Adátán, a bá ìyá àgbà kan tó ti fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lóògùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Èmi ò mọ̀wé o. Ohun tí nọ́ọ̀sì fẹnu sọ fún mi ni mò ń ṣe, ìdajì ṣíbí." Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Àìmọ̀wé rẹ̀ ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìwé mi. Ní ilé mìíràn, wọn ò tíì ṣí ìgò rárá. Ní Lántòrò, bàbá ọmọ kan gbá bùròdá apòògùn náà lọ́rùn aṣọ mú, ó gbé ọwọ́ sókè. Bùròdá yẹn ò bá a jà. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, sà. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Ó yẹ kí n kà á, n ò kà á." Ó mọ̀ pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, èmi náà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Kò dárúkọ mi. Ìtìjú mú mi ju ẹ̀rù lọ. Mo bọ́ síwájú, mo ní, "Bàbá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni mo tẹ ìwé yẹn, mo rí i pé ó bàjẹ́, mo sì dákẹ́." Ọkùnrin yẹn wò mí títí, ó sì fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgò mẹ́wàá la rí gbà padà lọ́jọ́ yẹn àti ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ku ẹyọ kan, ní Ìtòrì, níbi tó ò ń gbé yìí. Kì í ṣe ìtòsí ilé-iṣẹ́ yín, ọ̀nà oko ni. A bá màmá àgbà kan níwájú ilé tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ní ọmọ ń sùn. Ó ní láti àárọ̀ ló ti ń sùn, ọpẹ́lọpẹ́ oògùn, nítorí ọjọ́ méjì ni kò fi sùn nítorí ara yíyún. Ife méjì ni ó ti mu, ọ̀kan ní alẹ́ àná, ọ̀kan láàárọ̀.

Bùròdá yẹn wọlé, ó gbé ìpéǹpéjú ọmọ náà sókè, ó fi etí sí àyà rẹ̀. Ó jáde, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Orí itan mi ni ọmọ yẹn wà láti Ìtòrì dé Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ọdún méjì. Màmá àgbà jókòó tì mí, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Èmi ń ka mímí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá pẹ́ kó tó dé, èmi náà ò ní mí. Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, dókítà ní kí a máa ṣọ́ ọ, pé kò sóhun tí a lè ṣe ju ká dúró kí oògùn yẹn kúrò lára rẹ̀. A dúró. Wọ́n ń pe ìrun mọ̀gàríbì lọ́wọ́ nígbà tó lajú. Ojú mi ló kọ́kọ́ rí, kò sì mọ̀ mí rí. Ó bú sẹ́kún. Mo ti gbọ́ orin, mo ti gbọ́ wákà, mo gbọ́ ẹkún ìwọ náà lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Lára ẹkún ọmọ Ìtòrì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹkún lè dùn létí. Màmá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti ń ké. Ó ti dé."

Nísinsìnyí, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Ìkíní, orí ẹ̀rọ tó tutù kì í ṣe orí ẹ̀rọ tó ṣàìsàn. Bó o bá tan ẹ̀rọ láàárọ̀ ọyẹ́, jẹ́ kó yá. Tẹ ìwé tí o ò ní lò bí ogún tàbí ọgbọ̀n, kí orí náà gba ooru tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá fi ooru pátápátá lé òtútù àárọ̀, ó ti yá ooru ọ̀sán lò, ọ̀sán á sì wá gbà á.

Ìkejì, kó o tó fi kún ooru, kọ́kọ́ nù ún. Pa á, jẹ́ kó tutù, kó o wá fi òwú tó ní sípíríìtì nù ún sí apá kan ṣoṣo, má nù ún lọ nù ún bọ̀. Ìdọ̀tí máa ń di ooru lọ́nà. Ìwé á wá ṣá, ìwọ á rò pé ooru ò tó, bẹ́ẹ̀ ooru wà níbẹ̀ tó ń se orí ẹ̀rọ bí ẹ̀wà nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa.

Ìkẹta, bí ọjọ́ bá ṣe ń gòkè, kí nọ́ńbà ooru rẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Má yan nọ́ńbà kan kó o fẹ́ ẹ níyàwó. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, fa lébẹ́ẹ̀lì kan ya, gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Bí ilà bá ń wú, dín ooru kù. Bó bá ṣì ń wú, dín eré rẹ̀ kù, tàbí kó o jẹ́ kó sinmi. O sọ fún mi pé nǹkan kékeré kan wà lára ẹ̀rọ tiyín tó ń wọn ooru orí rẹ̀, tó ń fi í hàn lójú kọ̀ǹpútà. A ò ní irú ẹ̀ nígbà tiwa, orí ọwọ́ àti imú la gbójú lé. Lò ó, ṣùgbọ́n má sùn lé e. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Mo fẹ́ kọ ìkẹrin, ẹ̀rín ń pa mí. Nígbà tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀rọ tuntun mi débi pé mo fi òwú hun aṣọ aláràbarà kan tí mo fi bò ó, bí wọ́n ṣe ń bo tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ pàápàá, n kì í ṣí i, ibi tí ìwé ń gbà jáde nìkan ni mo gé. Lójoojúmọ́, tó bá ti di ọ̀sán, iṣẹ́ mi á dúdú kọjá bó ṣe yẹ. Mo gbá ẹni tó ń ta ìwé fún mi mú, mo ní ayédèrú ló ń tà. A sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wa lójú ọjà. Nígbà tí mo wá pe alátùn-únṣe, ó dé, ó ṣí aṣọ mi sókè, ó wo ibi tí fáànù ń gbà mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ wọ ẹ̀wù òtútù fún un." Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ bẹ ẹni tó ń ta ìwé náà pẹ̀lú ọsàn nínú láílọ́ọ̀nù. Nítorí náà, ọmọ mi, wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ. Wò ó bóyá fáànù ń yí, bóyá eruku ti dí i lẹ́nu, bóyá irin tó ń gba ooru kúrò lórí rẹ̀ ṣì dì mọ́ ọn dáadáa, bóyá iná tó ń wọlé dúró sójú kan. Má sì fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn kó o tó ṣí aṣọ tìrẹ wò.

N ò ka nọ́ńbà mọ́, nítorí ohun tó kù kò ní nọ́ńbà.

Nípa ọ̀gá rẹ. O bi mí pé ta lo jẹ́. Ìwọ ni ẹni tí ẹ̀rọ wà níwájú rẹ̀. Ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n àgbà ni, má lọ sọ fún un níwájú àwùjọ pé ó ṣì í. Fa lébẹ́ẹ̀lì kan ya láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ̀ wọ́n mọ́ pépà kan, kọ aago àti nọ́ńbà ooru sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bá a nígbà tó bá jókòó tó sì fara balẹ̀, kí o dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa, kó o ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wo nǹkan kan." Ní "ẹ bá mi wò ó," má ní "ẹ wò ó." Jẹ́ kí ojú tirẹ̀ rí i, kí ẹnu tirẹ̀ sọ ọ́. Bó bá gbà, kó jẹ́ ọgbọ́n rẹ̀, kò dùn ọ́ níbì kankan. Bí kò bá gbà, kọ ohun tó o rí sílẹ̀, fún un ní ẹ̀dà kan, kó o sì tún padà lọ bá a. Ilé-iṣẹ́ oògùn lo wà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ bisikíìtì.

Bó o bá sì rí ilà funfun lọ́jọ́ kan, dá ẹ̀rọ dúró. Lọ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ ló fà á. Wákàtí kan tí ojú á fi tì ọ́ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn láti ilé dé ilé.

Lọ́jọ́ kan, ìwọ náà á ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ. Àlàájì Múráínà kò lé mi. Ó ra orí tuntun fún ẹ̀rọ yẹn, ó pè mí, ó ní, "Rìsí, mo ti rò ó. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù mi ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́, èmi náà ní ìpín nínú ẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn, kò bi mí mọ́ pé ṣé iṣẹ́ lọ dáadáa. Lójoojúmọ́, bó bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ohun tó máa ń bi mí ni, "Kí ló bàjẹ́ lónìí?" Bí mo bá ní kò sí, á ní kí n tún lọ wò. Ọdún méje ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Bi àwọn tìrẹ bẹ́ẹ̀, má sì bínú sí èsì tí wọ́n bá fún ọ.

Ó ku bùròdá apòògùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá gba lébẹ́ẹ̀lì tuntun. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, "méjì ààbọ̀, méjì ààbọ̀," títí Àlàájì fi ní kó jókòó. Ọ̀sẹ̀ kejì ó tún wá, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ wa. Mo bi í pé kí ló wá tẹ̀. Ó ní òun ń kọjá lọ ni. Láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí ilé rẹ̀, Àkànní, kò sí ọ̀nà tó gba Kútọ̀ kọjá. Òun ló wà nínú pálọ̀ báyìí. A pa irọ́ ìgbéyàwó Ìbarà nítorí ìtìjú mi ni, ó sì bá mi bò ó fún gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ìtìjú yẹn ti tó gẹ́ẹ́. Inú mi dùn sí ayé tí mo gbé, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ojú rẹ, kí ó sì ṣọ́ ẹnu rẹ. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má ṣe pa ọmọ ọlọ́mọ lára. Jẹun kó o tó jáde láàárọ̀.

Bàbá rẹ ti pa rédíò. Ó ní kí n gbé bírò wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rìsíkátù

*

Àkànní, mo ti kà á. Gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àfi ohun kan tí màmá rẹ kò mọ̀. Ó rò pé ní Kútọ̀ ni ọ̀rọ̀ èmi àti òun ti bẹ̀rẹ̀. Ní Lántòrò, nígbà tí ọkùnrin yẹn gbé ọwọ́ sókè, mo ti di ojú mi, mo ń retí ìgbájú. Mo kàn gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn mi tó ní, "Èmi ni." Kò sẹ́ni tó bi í. Àwọn òbí mi ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n mú ìyàwó wálé, mo sì ti ń wá kiri. Iwájú ilé yẹn ni mo ti dáwọ́ wíwá dúró.

Bàbá rẹ